Ẹgbẹ̀rún Mẹ́rin Lẹ́tà Nípa Ara Mi

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kọkànlá, 2025

Kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ síbí kí àyà mi má bàa bẹ́: wọ́n ti mú orúkọ mi. Àwọn tó ń fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kọ́ ìmọ̀ ojú àti awò ní yunifásítì kan ní Scotland yan èèyàn méjìdínlógójì nínú gbogbo àwọn tó kọ̀wé, èmi Ẹ̀bùnlọlá sì wà nínú wọn, èmi oníwèé mẹ́wàá tó ń gé lẹ́ǹsì ní ṣọ́ọ̀bù awò Àǹtí Láídé ní Apple Junction.

Ìgbéyàwó mi ku ọjọ́ márùn-ún nígbà tí ímeèlì náà wọlé. Wọ́n ń di irun mi lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo da fóònù dé sórí itan mi, onídìrí ní kí n jọ̀ọ́ kí n yé mi orí. Àǹtí Láídé nìkan ló mọ̀, torí òun ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní oṣù kẹjọ. Ó ní, "Pa ẹnu mọ́. Ọbẹ̀ tí kò tíì jinná, a kì í pe àdúgbò wá tọ́ ọ wò." Mo pa ẹnu mọ́. Mo pa á mọ́ dé iwájú pẹpẹ. Jayéọlá fi òrùka sí mi lọ́wọ́, kò mọ̀. Ó ti di ọkọ mi fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún báyìí, kò tíì mọ̀.

Inú mi sì ń dùn, ó ń dùn débi pé ó ń bà mí lẹ́rù. Láàárọ̀ yìí mo rí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méjì nínú ife kan ṣoṣo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Mo ń sọ "ọkọ mi" láìnídìí. Mo sọ ọ́ fún obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu klóòsì wa: ọkọ mi kì í jẹ èyí tí wọ́n fi ṣúgà sí. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó ọ̀ṣìngín, mo ti gbọ́. Mú owó wá."

Ìdájí ni Jayé gbé táńkà epo kúrò ní Ijegun-Egba, ó di Gúsáù. Ọjọ́ mẹ́wàá, ó ní. Ṣẹ́ẹ̀tì tó bọ́ sílẹ̀ wà lórí àga. Mi ò fọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ rèé: kí n kọ ọ̀rọ̀ nípa ara mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lẹ́tà péré, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ pàápàá wà nínú kíkà. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ni òpin rẹ̀. Nínú àwa méjìdínlógójì, èèyàn mẹ́fà ni wọ́n máa mú, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sì máa fi mọ ẹni tí wọ́n máa mú. Ọdún ìpìlẹ̀ kan, ọdún ẹ̀kọ́ mẹ́rin. Ọdún márùn-ún. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú ọkọ dání.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kọkànlá

Wákàtí méjì. Gbogbo ohun tí mo rí kọ ni orúkọ mi. Ìyẹn náà, ti ilé bàbá mi ni mo kọ́kọ́ kọ kí n tó rántí pé mo ti ní tuntun. Mo jókòó, mo ń kọ tuntun náà sí etí ìwé títí etí ìwé fi kún.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kọkànlá

Òjò tó yẹ kó ti lọ tún rọ̀ bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Jayé pè láti Mọ́kwá.

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú ìrònú rẹ."

"Ìyẹn ò lè mú èèyàn sanra o. Fi ẹyin sí i."

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo ti la ẹnu. Ó ní kí n dákẹ́ kí n gbọ́ ẹyẹ kan tó ń ké lórí igi níbi tó páàkì sí, ó na fóònù sókè, mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi ariwo tirélà. Mo ní mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Ó dára, àbí?" Mo ní ó dára gan-an. Owó fóònù rẹ̀ tán síbẹ̀.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kọkànlá

Mo ti kọ ọ́ tán! Lẹ́tà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé márùnlélọ́gọ́rin. Mo kà á sókè fún ara mi ní ilé ìdáná, omi bọ́ lójú mi. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀, bí mo bá ní kí n sọ ọ́ ní èdè wa: Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé mi láti orí ilẹ̀ wá sí ibi tí mo wà lónìí, kì í ṣe nípa agbára mi. Lẹ́yìn náà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi tó fi epo pupa títà rán mi nílé-ìwé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Láídé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀ wa àti ìyàwó rẹ̀ fún àdúrà. Ó wá parí pẹ̀lú ìlérí pé bí wọ́n bá lè ràn mí lọ́wọ́, Ọlọ́run yóò ran àwọn náà lọ́wọ́.

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè ka èyí kí ó má mú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù kọkànlá

Jíà táńkà Jayé ti bàjẹ́ ní Kòntàgórà. Èkó ni wọ́n ti máa gbé òmíràn lọ bá a, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò kánjú. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kò burú. Mo pa fóònù, mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì orí àga yẹn wọ̀, mo wọ̀ ọ́ lọ pọn omi. Alábàágbé wa ní ṣé n kò ní aṣọ ni.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kejìlá

Àǹtí Láídé ka ohun tí mo kọ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù dá. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ó dùn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ ni èmi ti kọ́ṣẹ́, mi ò kọ irú èyí rí. Fún ẹni tó wà ní yunifásítì kó kà á."

Ẹni kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó wà ní yunifásítì ni àbúrò Jayé. Ẹ gbà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù kejìlá

Mo lọ kí Màmá Jayé ní Ijegun-Egba lẹ́yìn ìsìn, mo ra ọsàn dání. Láti ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa ni Màmá ti ra báàfù ìwẹ̀ ọmọ sílẹ̀, aláwọ̀ ewé. Fùfú ló rẹ sínú rẹ̀ báyìí. Ó rí i pé mo ń wò ó.

"Má wo ìyẹn, ìyàwó mi. Bí ẹni tó ni ín bá dé, màá fọ̀ ọ́ mọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Kí ni kí n sọ?

Ọmọ ogún ọdún ni Olúwatóyọ̀sí, àbúrò Jayé obìnrin. Mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, ṣùgbọ́n inú ilé yẹn ni mo bá a, ọkọ mi lòun náà, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Àǹtí nítorí ọjọ́ orí, àwa méjèèjì wá ń bá ara wa sọ "ẹ" bí ìyá ìjọ méjì. Mo tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń sá aṣọ.

"Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nǹkan."

Orí ìdúró ló ti kà á, pẹ́ẹ̀gì aṣọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó kà á tán ó yọ pẹ́ẹ̀gì náà.

"Àǹtí, ẹ̀rí lẹ kọ."

"Ẹ̀rí wo?"

"Ẹ̀rí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku kí ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé orin. Mo ti mọ màmá yín, mo ti mọ Àǹtí Láídé, mo ti mọ pásítọ̀ àti màmá ìjọ. Ẹ̀yin dà?"

"Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n ṣe é fún yín ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí mo bá dìde láàárín ìjọ tí mo ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ara mi, wọ́n á ní mo ń bá Ọlọ́run pín ògo.

"Ìjọ kọ́ ló fẹ́ kà á," ó ní. "Àjèjì ni wọ́n. Wọn ò mọ̀ yín rí. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ yín ti ṣe. Kí lọwọ́ yín ti ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá aṣọ padà kó tó tún yíjú.

"Bọ̀dá mi ti mọ̀?"

Mo mú aṣọ kan, mo ń bá a sá a.

"Háà, Àǹtí. Èmi mọ̀, Bọ̀dá ò mọ̀?" Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyá rẹ̀ wà nítòsí. "Mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bá wa jẹun ọdún. Mi ò lè jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi kí n máa gbé irú èyí mì."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù kejìlá

Kí lọwọ́ mi ti ṣe? Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi bi ara mi. Mo fa gbogbo ìwé yẹn ya. Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ọdún méjì sẹ́yìn, awakọ̀ táńkà kan wọlé wá ní ọjọ́ Ẹtì kan tí èèyàn kún orí bẹ́ǹṣì. Ó fẹ́ ìwé àyẹ̀wò ojú torí láísẹ́ǹsì, ó sì jókòó tó wákàtí méjì. Nígbà tó kàn án, ó ka pátákó lẹ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìmí. Àǹtí Láídé ti mú bírò láti kọ ọ́ pé ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró." Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ó yá jù. Ẹni tó ń ríran máa ń dúró díẹ̀ kó tó ka lẹ́tà kékeré. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ní kó bá mi ka pátákó ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì.

Ó ní, "Télọ̀."

Télọ̀ ti kó lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kẹ́míìsì ló wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ pupa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi tó orí ewúrẹ́.

Èmi ni mo tún yẹ ojú rẹ̀ wò. Èmi ni mo gé lẹ́ǹsì rẹ̀. Ọjọ́ tó wá gbà á, ó gbé e wọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka gbogbo pátákó Apple Junction sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn èèyàn ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó yíjú sínú ṣọ́ọ̀bù, ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ náà rèé."

Ohun tí ọwọ́ mi ṣe nìyẹn. Mi ò ní òmíràn tó jẹ́ òtítọ́ tó o. Mo sì ń kọ ọ́, mo ń sunkún, torí ìwé tó máa gbé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ń fi í kọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù kejìlá

Ó dé! Ó rù, ó dúdú, ó ń rùn bí epo, mo dì mọ́ ọn lẹ́nu géètì lójú gbogbo klóòsì, mi ò bìkítà. Mo se gbogbo ohun tó wà nílé. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ń wá òmíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù kejìlá

Mo sọ fún un láàárọ̀, nídìí àkàrà àti ògì.

"Láti ìgbà wo?"

"Ṣáájú ìgbéyàwó."

"Ó ku ọjọ́ mélòó?"

"Márùn-ún."

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Àǹtí Láídé mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Tóyọ̀sí ńkọ́?"

"Ó mọ̀."

"Ó dáa," ó ní. "Èmi ni mo wá gbẹ̀yìn gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi."

Ó mu ògì rẹ̀ tán. Ó fọ abọ́ rẹ̀, ẹni tí kì í fọ abọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo jíà táńkà.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù kejìlá

Tòmátì ti wálẹ̀, àlùbọ́sà ló gbówó lórí. Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti ń bó. Jayé ń dáhùn bí mo bá bi í ní nǹkan, ṣùgbọ́n òun kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ṣàárò rẹ̀ nígbà tó wà ní Kòntàgórà. Ẹni tó jókòó sórí àga yìí tó ń wo ògiri, àárò rẹ̀ ló ń pa mí jù.

Ọjọ́rú, 24 oṣù kejìlá

Ó ra àkùkọ kan wálé láàárọ̀, ó pa á, a jọ jókòó sẹ́yìnkùlé, a ń tu ìyẹ́ rẹ̀. Omi gbígbóná wà láàárín wa. A ti tu apá kan tán kó tó sọ̀rọ̀, kò sì gbójú sókè.

"Ọdún márùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọn kì í jẹ́ kẹ́ ẹ wálé?"

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn ló ń san owó ọkọ̀ òfúrufú."

"Mo fẹ́yàwó, ó wá di ọmọ bọ́díìnì. Ṣé màá máa bá ọ gbé gààrí àti mílíìkì wá ní ọjọ́ ìbẹ̀wò?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó jẹ́ kí n sun ún.

"Kì í ṣe ọdún márùn-ún ló dùn mí, Ẹ̀bùn. Ọjọ́ márùn-ún yẹn ni. O ti mọ̀. O jókòó tì mí, à ń ka iye àga tí wọ́n máa gbé wá sí gbọ̀ngàn, o sì ti mọ̀."

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní wọ́n ní a kì í pe àdúgbò wá tọ́ ọbẹ̀ tí kò tíì jinná wò.

"Èmi ni àdúgbò?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti tó, kí n má fi ìyẹ́ kùn ún lójú. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Kí lo kọ nípa mi? Tóyọ̀sí ní mo wà níbẹ̀."

Mo ti fi tuntun náà ránṣẹ́ sí Tóyọ̀sí kó kà á. Mo mú ìwé wá, mo kà á fún Jayé. Ó ń gbọ́, ó di ẹsẹ̀ àkùkọ mú. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé láísẹ́ǹsì ló gbé e wá, ó ní, "Irọ́ nìyẹn."

"Ohun tí o sọ fún wa nìyẹn."

"Mo mọ ohun tí mo sọ." Ó gbé àkùkọ náà sínú ọpọ́n. "Ọ̀sẹ̀ tí mo wá yẹn, mo ń gbé epo lọ sí Lọ́kọ́ja, ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú. Mo rí òjìji kan létí títì. Mo ní òjìji igi ni, mo ń bá eré mi lọ. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òjìji yẹn ju igi ìdáná sílẹ̀ tó sáré. Obìnrin ni, ó gbé ọmọ pọ̀n. Táńkà tó kún ni mo ń wà. Báyìí ló kù." Ó na apá rẹ̀ sí mi, láti èjìká dé ìka. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o ka pátákó yẹn bí omi?"

"Mo há a sórí ni. Wákàtí méjì ni mo fi gbọ́ bí àwọn tó ṣáájú mi ṣe ń kà á. Awò ni mo wá rà, mo fi Ọlọ́run búra. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn mí, mo rí Àǹtí Láídé pẹ̀lú bírò, mo ní bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò ríran, ẹni tó ni ọkọ̀ máa gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ máa lọ bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìwọ ni, ǹ bá ti lọ bẹ́ẹ̀."

Omi ti tutù.

"Kọ ìyẹn," ó ní.

"Ojú ò ní tì ọ́?"

"Ojú ti ń tì mí láti ọdún méjì. Ta ló mọ̀ mí ní Scotland? Ṣáà má kọ orúkọ mi, kí wọ́n má jókòó síbẹ̀ gba láísẹ́ǹsì mi."

Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n lọ. Mo fẹ́ kó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ kó ní rárá.

"Mi ò fẹ́ kí o lọ. Mo fẹ́ kí o kọ ọ́ dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́. "Ìwọ lo ti ń dúró dè mí láti ọdún méjì. Kò ṣáà pa ọ́."

"Ó kù díẹ̀ kó pa mí."

"Ó máa ku díẹ̀ kó pa èmi náà."

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù kejìlá

Mo ti tún un kọ. Mo kọ "mo" níbi tó jẹ́ pé èmi ni. Mo wò. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo gé e. Ó ń tì mí lójú bí ẹni tó wọ aṣọ tó há jáde, ṣùgbọ́n mi ò pa á rẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù kìíní, 2026

Àwa méjèèjì jọ lọ sọ fún Màmá. Níwájú Màmá mo máa ń pe Jayé ní "ẹ" àti "wọ́n", torí náà bí ẹni tó ń rojọ́ ní kọ́ọ̀tù ni mo ṣe ń sọ ọ́, "wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i." Màmá gbọ́ títí dé òpin. Tóyọ̀sí ń bó ọsàn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ọdún márùn-ún," Màmá ní. "Ọmọ ọdún mélòó ni màá jẹ́ nígbà yẹn, Jayéọlá?"

"Àádọ́rin, Màmá. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì mú un o. Èèyàn mẹ́fà péré ni wọ́n máa mú."

"Ìwọ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n má mú un."

Màmá yíjú sí mi. "Ojú mi yìí ń ṣomi bí mo bá ń kàwé. Ṣé wọ́n á kọ́ ọ ní tìyẹn níbẹ̀?"

"Wọ́n á kọ́ mi, Màmá."

"Kí wọ́n tètè kọ́ ọ nígbà náà."

Ó dìde, ó lọ da fùfú tó rẹ sínú báàfù aláwọ̀ ewé sínú ike mìíràn. Ó fọ báàfù náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sídìí ògiri.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù kìíní

Jayé ti lọ láti àná. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ fi lẹ́tà igba ó lé méjìlá pọ̀ jù. Tóyọ̀sí ń fi fóònù gé, mò ń kọ̀, ó ń gé.

"Àǹtí, pásítọ̀ ti lo àádọ́sàn-án lẹ́tà."

"Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n gbàdúrà."

"Ṣé pásítọ̀ ni ká fi sílẹ̀ tàbí obìnrin onígi?"

Mo gé pásítọ̀ kúrò. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ó mọ̀ pé mi ò gbàgbé wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù kìíní

Ọ̀la ni òpin. Iná ò sí láti àárọ̀. Àǹtí Láídé tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó yí pátákó ẹnu ọ̀nà sí "A ti tì," ní ọ̀sán gangan, ohun tí kò ṣe rí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ojú ìwé yẹn lé mi jáde. Jayé wà lórí fóònù láti Bídà, wọ́n ń tún táyà rẹ̀ ṣe.

"Ó ti wọlé?"

"Ó ń yí."

"Kí ló ń yí?"

"Nǹkan róbótó kan báyìí. Má sọ̀rọ̀."

Ojú ìwé náà gbé bọ́tìnì tó kẹ́yìn jáde. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ lè béèrè irú ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ èèyàn. Mo dúró. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu táyà ní Bídà.

"Ẹ̀bùn," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ. Àǹtí Láídé gbá mi mọ́ra. Nínú fóònù, táyà nìkan ni mo ń gbọ́, ó pẹ́ kó tó ní, "Ó ti lọ?" Mo ní ó ti lọ. Ó ní, "O ṣeun," bí ẹni tí mo bá gbé nǹkan.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kejì

Kò sí ìròyìn. Ooru. Jayé wà ní Gúsáù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kejì

Àwọn ará yunifásítì yẹn bá mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò, obìnrin méjì àti ọkùnrin kan, ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yìn wọn ni fèrèsé wà, òjò ń rọ̀ lójú rẹ̀. Wọn ò bi mí nípa ìwé mẹ́wàá mi. Obìnrin tó dàgbà jù béèrè bí mo ṣe mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò ríran. Mo ní ó yá jù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, ọkùnrin yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì ń wakọ̀? Mo ní ó wà lójú ọ̀nà báyìí. Mo ní ọkọ mi ni. Gbogbo wọn gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà ní kí ló ní sí èyí. Mo ní kò fẹ́ kí n lọ, òun ló sì ní kí n tẹ̀ ẹ́.

Mi ò mọ̀ bóyá mo bà á jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kẹta

Wọ́n mú mi. Èmi ni ìkẹrin nínú àwọn mẹ́fà. Mo kà á ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò pe ẹnikẹ́ni, mi ò sọ fún Àǹtí Láídé tó wà níwájú mi. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo gun ọ̀kadà wálé, torí Jayé wà nílé, àná ló dé, mo sì fẹ́ kí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbọ́.

Ó ń sùn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ń wò ó. Inú mi ń dùn, àárò rẹ̀ sì ti ń sọ mí níbi tí mo jókòó tì í yẹn. Mo fi ọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀.

Ó lajú, ó wo ojú mi, ó dìde jókòó. Kò béèrè. Ó na ọwọ́, mo gbé fóònù fún un. Ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà kékeré. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa orí mi mọ́ àyà. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa mú ọ. Kò sí bí wọn ò ṣe ní mú ọ." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i.

Ìkíni kú oríire, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, àyẹ̀wò ara: mo ti ka gbogbo ìyẹn. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí mo ti fò láti ọ̀sán. Jayé ló kà á sókè. Lẹ́yìn náà ó wá bírò, ó lọ síbi kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ń ṣí i láti oṣù dé oṣù, ó ń ka ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ẹnu. Márùndínlọ́gbọ̀n, ó ní, àti ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní kó tún ìlà yẹn kà fún mi, kí n kọ ọ́ síbí.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun gbọ́dọ̀ ti dé ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án, ọdún 2026.